Òkú Tó Mú Ìgò Mọ́ọ̀tì Dání

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí, bó ṣe ń pani lẹ́rìn-ín ló ń pani lẹ́kún.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta ẹlùbọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, ohun tójú wọn rí ti tó. Ọkọ wọn kú lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní aríran wá bá wọn gbàdúrà nílé. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní òun fẹ́ ká àdúrà náà sílẹ̀. Kó tó lọ, ó ní kí wọ́n fi fótò àti fídíò bàbá ránṣẹ́ sóun, òun á máa fi gbàdúrà. Ìyá fi ránṣẹ́. Ta ni yóò fura?

Ọjọ́ kẹta, fídíò kan wọlé sórí fóònù ìyá. Pálọ̀ wọn gan-an ni. Àfi bí bàbá ṣe yọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín, ẹ ń rí ògiri láti inú ara rẹ̀! Aríran ní bàbá kò tíì rí ìsinmi, ètùtù náírà 220,000 ló máa gbà. Ìyá ti san 70,000. Èésú tí wọ́n fẹ́ kó lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n máa fi san èyí tó kù.

Ọmọ wọn obìnrin ló sáré gbé fóònù náà wá bá mi. “Bọ̀ọ̀dá oníwèé ìròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí.” Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, ara mi bù máṣọ. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo bi í pé, “Kí ni bàbá mú lọ́wọ́ yẹn?”

Ó tẹjú mọ́ ọn. “Ìgò mọ́ọ̀tì ni.” Ló bá figbe ta: “Yéè! Aṣọ tí wọ́n wọ̀ níbi ìnáwó àbúrò wọn nìyẹn! Fídíò tí Màámi fi ránṣẹ́ ni!”

Ẹ gbọ́ ná. Òkú wo ló ń ti ọ̀run bọ̀ tó mú ìgò mọ́ọ̀tì dání?

Ẹ jẹ́ kí n wá tú àṣírí rẹ̀ fún yín, torí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn ò lè fi jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àwòrán méjì ni wọ́n tẹ́ lé ara wọn. Bí ẹ bá tẹ́ léèsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí àǹkárá, ṣé ẹ ò ní rí méjèèjì pọ̀ ni? Òun náà nìyẹn. Láyé kámẹ́rà onífíìmù, ayàwòrán á ya ojú fíìmù kan lẹ́ẹ̀mejì, kò ní yí i síwájú. Lónìí, fóònù ló ń ṣe é.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ gbé fóònù sórí ohun tí kì í mì. Ẹ jẹ́ kó máa ká yàrá lọ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ má pa á o, ẹ má sì fọwọ́ kàn án. Kí ẹnì kan wá wọlé, kó rìn kọjá. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ ṣí CapCut, kẹ́ ẹ gé fídíò náà sí méjì, kẹ́ ẹ fi ibi tí wọ́n kọ Overlay sí gbé èyí tó lẹ́ni nínú lé orí èyí tó ṣófo. Ẹ wá Opacity, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀ láti 100 sí bí 50. Ó parí! Ẹni náà ti di iwin. Nínú fíìmù àgbéléwò náà, irú ọgbọ́n yìí wà níbẹ̀.

Ti bàbá yìí tún rọrùn sí i. Alẹ́ ni wọ́n ṣe ìnáwó yẹn, òkùnkùn ló wà lẹ́yìn bàbá, aṣọ funfun ló sì wà lọ́rùn wọn. Ìlànà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Screen: á gbé òkùnkùn mì, á fi ohun tó mọ́lẹ̀ sílẹ̀. Pálọ̀ tí aríran ká sórí tábìlì lọ́jọ́ àdúrà, òun ló tẹ́ sábẹ́.

Ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. William Mumler wà ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, 1861 sí 1865, àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń lọ ya fótò lọ́dọ̀ rẹ̀, òkú èèyàn wọn á sì yọ lẹ́yìn wọn bí òjìji. Wọ́n gbé e dé kóòtù ní New York ní 1869. P. T. Barnum, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tó ń fi eré ìran pawó, wá jẹ́rìí takò ó. Ó ti ní kí ayàwòrán mìíràn ya òun pẹ̀lú “iwin” Ààrẹ Lincoln, ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ní 1865, onítọ̀hún sì yà á! Síbẹ̀, adájọ́ dá Mumler sílẹ̀, ó ní ẹ̀rí kò tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ọgbọ́n náà fúnra rẹ̀ o. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, ọgbọ́n tó bá a tan ti tu ìyá ìbejì nínú rí. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère fún un. Nígbà tí fótò dé, àwọn kan fi fótò rọ́pò ère. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ohun tó rí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Bí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ fíìmù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, á wá dà bíi pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, wọ́n á ya èyí tó kù pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ èkejì fún un, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀? Ìyá ìbejì mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún un. Bí wọ́n bá fi ọgbọ́n pa mọ́ fún ẹni tó ń sanwó, jìbìtì ló dà yẹn.

Mo lọ bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo ká wọn. Mo ní kí wọ́n dìde wá dúró bí oníbàárà, mo ká wọn. Mo tẹ́ ẹ lé ara wọn níṣojú wọn. Ìyá rí ara wọn tí wọ́n ń ta ẹlùbọ́ fún ara wọn! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìborùn bojú, wọ́n sunkún. “Ọmọ mi, mo rò pé wọ́n padà wá bá mi ni.” Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Náírà 70,000 ti lọ, fóònù aríran kò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n owó èésú wà lọ́wọ́ ìyá, ẹlùbọ́ ni wọ́n fi rà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ hàn yín, ẹ wo aṣọ ọrùn òkú: ṣé kò sí nínú fótò kan tẹ́ ẹ ti fi síta? Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn, ṣé kò pé méjì, bí ẹni pé fóònù mì? Kẹ́ ẹ tó mówó jáde, ẹ fi han ọmọ yín tó mọ fóònù lò.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá ní kí n bá wọn gé fídíò ìnáwó yẹn, kó ku ibi tí bàbá wà nìkan, kí wọ́n máa rí i wò. Wọ́n ní kí n má yọ ìgò mọ́ọ̀tì náà o.

Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.