Ìgbọ́wò ni, kì í ṣe Àwòtẹ́lẹ̀

Ọ̀tà àti Sàǹgó-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ agbègbè tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí. Ọjà tí ó bá ti ibẹ̀ jáde ń fẹ́ ìpolówó, èyí tí yóò bá sì wọ oníbàárà létí ní ọjà Sàǹgó, Yorùbá ni ó yẹ kí ó sọ. Nínú irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, bí ohùn bá ti ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ náà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, tí àwòrán sì ń bá wọn rìn. Iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní motion graphics nìyí. «Àwòrán arìn» yóò tó fún un níhìn-ín. Ohun tí ó ń fẹ́ àríyànjiyàn ni orúkọ ìgbésẹ̀ kan nínú rẹ̀, èyíinì ni kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ohùn kí ó tó pinnu ìgbà tí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán yóò yọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ògbufọ̀ ni «àwòtẹ́lẹ̀», nítorí pé preview ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, yálà ojú ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà tàbí etí. Àléébù Gẹ̀ẹ́sì ni èyí. Kò sí ìdí tí Yorùbá yóò fi jogún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nínú After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1993, tí ó sì di ti ilé-iṣẹ́ Adobe ní 1994. Bí àwòrán bá ń lọ ní 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kọ̀ǹpútà níláti ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ó tó fi í hàn. Bí ìṣirò náà bá wúwo, àwòrán a máa wọ́, òṣìṣẹ́ a sì lè fara dà á. Ohùn kò gba irú ìfaradà bẹ́ẹ̀: bí a bá dẹ eré rẹ̀ lásán, ohùn náà yóò lọ sílẹ̀. Nítorí náà ni ètò náà fi fi àyè sílẹ̀ láti gbọ́ ohùn nìkan, láìdúró de àwòrán. Òṣìṣẹ́ yóò tẹ bọ́tìnì àmì ìdánudúró tí ó wà láàárín àwọn nọ́ńbà ní apá ọ̀tún; bí ohùn ti ń lọ, yóò máa tẹ bọ́tìnì oníràwọ̀ níbikíbi tí ó bá fẹ́ kí nǹkan yọ. Lẹ́yìn náà ni yóò padà wá so ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn àmì wọ̀nyí. Ojú kò tíì dá sí i rárá.

Èdè Yorùbá sì ti ní ọ̀nà tí ó ń gbà sọ irú nǹkan báyìí. A ń tọ́ ọbẹ̀ wò, a ń dán ẹ̀rọ wò, a ń gbé ẹrù wò kí a tó rù ú. «Wò» inú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí ti kúrò ní ti ojú, ó ti di ti ìdánrawò. Kò sí ojú tí í rí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Bí «dán wò» ti bí «ìdánwò», bẹ́ẹ̀ ni «gbọ́ wò» yóò bí «ìgbọ́wò». Kí «àwòtẹ́lẹ̀» máa jẹ́ ti àwòrán.

Àwọn kan lè fẹ́ «àgbọ́tẹ́lẹ̀», kí ó lè bá èkejì rẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé òun ti gbọ́ nǹkan tẹ́lẹ̀ ń sọ pé ìròyìn náà kò ṣe tuntun sí òun ni. Kò sọ pé òun ń dán nǹkan kan wò. Ní ti àwọn tí yóò ní kí a kúkú yá «pírífíù», ẹnu wọn ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti orúkọ lọ, nítorí pé orúkọ iṣẹ́ ni í darí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí a bá tẹ L lẹ́ẹ̀méjì nínú ètò kan náà, ìgbì ohùn yóò hàn, ọmọ iṣẹ́ tí a sì ti kọ́ ní «àwòtẹ́lẹ̀» yóò gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìgbì yìí ń fi agbára ohùn hàn, kò fi gíga rẹ̀ hàn. Igbá, ìgbà àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, etí kò lè ṣì wọ́n mú. Lójú ìgbì, ta ni yóò dá wọn mọ̀? Èyí tí ó tún le ni ìpajẹ. «Ra ọṣẹ» jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì lórí ìwé, ṣùgbọ́n «rọṣẹ» ni ẹnu ń pè. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ń fi ojú wá àlàfo tí «ọṣẹ» yóò ti yọ kò ní rí i, nítorí kò sí níbẹ̀. Etí ni yóò sọ fún un pé kí ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ yọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ láti ọwọ́ Awóbùlúyì ní 1990, èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò sí nínú àdéhùn wọn, nítorí náà ẹ̀bi kò sí lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbọdọ̀ tún fi ṣe nǹkan mìíràn. Àmì tí bọ́tìnì oníràwọ̀ ń fi sílẹ̀ kò lè máa jẹ́ «àmì ohùn», nítorí ti orí fáwẹ́lì ni olùkọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. «Àmì ìyọjú» ni ó yẹ ẹ́: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ti yọjú.