Ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun Lórí Ìbòmú Tó Ṣeé Wọ̀ Nínú Oòrùn

Ọlọ́lá Jùlọ,

Àwa òṣìṣẹ́ àti télọ̀ ìlú Ara, nítòsí Ẹdẹ, là ń kọ̀wé yìí sí yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó jẹ́ pé inú eruku ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ la gbé wá: àwọn tó ń gbá títì, àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń lagi. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìbòmú, àmọ́ àgbọ̀n ni wọ́n fi ń bò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní oríkunkun. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìbòmú ti rin gbingbin fún òógùn, ó ti lẹ̀ mọ́ imú, èémí ò ráyè jáde mọ́. Ẹni tó ń po sìmẹ́ǹtì á bá fà á sílẹ̀, eruku á sì wọlé.

Bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà kòrónà ní 2020. Àwọn télọ̀ fi ańkárá rán ìbòmú, àwọn mìíràn tún fi aṣọ líle tó ń gbé kọ́là ró sí i nínú. Ó wuyì, àmọ́ ó gbóná. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìpele mẹ́ta: òwú tó ń fa omi mu nínú, aṣọ oníke polypropylene láàárín, aṣọ tí omi kì í tètè wọ̀ níta. Òwú inú yẹn ló ń gba òógùn kúrò lójú.

Fún eruku sìmẹ́ǹtì, aṣọ ò tó. Ìbòmú N95, tó ń dá ó kéré tán 95 nínú 100 eruku kíkúnná dúró, ló yẹ, pàápàá èyí tó ní fáàfù tí ooru èémí ń gbà jáde. (Ti àkókò àjàkálẹ̀ àrùn kọ́ o, torí èémí ẹni tó wọ̀ ọ́ ń jáde láìsẹ́.) Ní 2017, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ìbòmú oníke polyethylene oníhò tíntìntín, tí ooru ara ń gbà kọjá. A ò béèrè ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ìjọba tó ra ìbòmú fún òṣìṣẹ́, kí àwọn díẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ẹ gbé ti àwọn agbálẹ̀ fún télọ̀ ìlú wa, òwú nínú, aṣọ funfun níta kí oòrùn má baà mú un, kí kálukú sì ní ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́, kó lè pààrọ̀ èyí tó ti rin. Ní ti àwọn ìyá tó ń yan gààrí, irú ìbòmú wọ̀nyí ò lè dá gáàsì inú èéfín dúró; ààrò tó ní ọ̀nà èéfín gíga ni kí ẹ bá wa ṣe fún wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn kí ọyẹ́ tó dé.