Ìdáríjì àti Òfin

Àwọn kan a máa wí pé ẹni tí ó dárí ji ọ̀daràn sọ òfin di yẹpẹrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, Mehmet Ali Ağca yin Póòpù John Paul Kejì níbọn ní Róòmù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, láti ilé ìwòsàn, Póòpù kéde pé òun ti dárí jì í. Arákùnrin ni ó pè é. Kò dúró de ẹ̀bẹ̀, nítorí onígbàgbọ́ mọ̀ pé kí òun tó bẹ̀bẹ̀ rárá ni Kristi ti kú fún òun. Ilé ẹjọ́ ní tirẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọdún 1983 Póòpù tọ̀ ọ́ lọ nínú túbú, wọ́n sì jókòó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, Póòpù jáde, Ağca kù sẹ́yìn.