Kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí



Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ kan tó di àríyànjiyàn ní ṣọ́ọ̀bù mi. Káfíńtà ni mí, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju pákó lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló ní torí kí àwọn kílọ́ọ̀bù Yúróòpù lè rí aṣọ tà ní Éṣíà ni wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ Japan wá. Ó fi Atsuto Uchida ṣe àpẹẹrẹ, ó ní ẹwà ojú ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀.

N kò ní purọ́, ẹwà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Japan fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nígbà tó wà ní Kashima Antlers, tí wọ́n gba ife líìgì ní 2007, 2008 àti 2009. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀kì ọwọ́ ọ̀tún ni. Ta ní í fẹ́ràn bẹ́ẹ̀kì? Èmi náà gbá a nílé ìwé: ọjọ́ tí mo bá ṣe dáadáa, kò sẹ́ni tó rántí mi, ọjọ́ tí mo bá ṣì í, tìyá tì bàbá ni wọ́n á fi bú mi.

Ní 2010 ó lọ sí Schalke 04 ní Jámánì. Ìlú awakùsà ni Gelsenkirchen látijọ́, iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ní 2011 wọ́n na Inter Milan ní ayò 5 sí 2 ní Milan, kó tó di pé Manchester United dá wọn dúró nígbà tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú Champions League. Kò sí ọmọ Japan kankan tó gbá bọ́ọ̀lù débẹ̀ ṣáájú Uchida. Chinedu Obasi tiwa náà bá a gbá bọ́ọ̀lù ní Schalke lẹ́yìn náà.

Oṣù kẹta ọdún yẹn ni ilẹ̀ mì ní Japan, tí omi òkun gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ. Lọ́jọ́ kejì, Schalke ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbá a tán, ó wọ aṣọ kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, pé kí ẹ̀mí púpọ̀ là nílé. Ẹni tó bá rí ìyẹn, ṣé ojú ló máa máa wò?

Ti orúnkún rẹ̀ ló wá wọ̀ mí lára jù. Ó fara pa ní 2014, síbẹ̀ ó gbá gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta Japan ní Ife Àgbáyé ní Brazil. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 2015, kò sì tún gbá bọ́ọ̀lù fún Schalke títí di oṣù Kejìlá 2016. Nígbà tó yá, ó padà sí Kashima. Ní oṣù kẹjọ 2020, láàrin sáà, ó ní òun ò lè ṣe tó bó ṣe yẹ kí ẹlẹ́gbẹ́ Kashima ṣe mọ́, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 32. Ì bá jókòó kó máa gbowó, ta ni ì bá bi í?

Mo ka gbogbo èyí fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní aṣọ náà ṣì ni. Mo ní kó lọ fá pákó.

Káfíńtà kan, Ìlá-Ọ̀ràngún