Kòkòrò Tí Ń Jẹ Obì: Ọ̀rọ̀ Lórí Èso, Ẹ̀rọ àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Ní irú àkókò yìí, ó wọ́pọ̀ kí a máa pìtàn àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ àti pàṣán tí wọ́n fi tọ́ wa sọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn lónìí. Ọ̀rọ̀ ìdin inú mángòrò ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà ìkórè àwọn ọmọdé ní ìjọ tí mo ń ṣe àkóso rẹ̀, a ra apẹ̀rẹ̀ mángòrò mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá kan tí ó ti ń tajà fún wa tipẹ́. Èso náà pọ́n, ó ń dán, kò sí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ gé e jẹ ni ìdin funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Inú bí mi. Mo ránṣẹ́ pe ìyá náà, mo sì bá a wí níwájú àwọn ènìyàn, bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohun ìdíbàjẹ́ wọ ilé Ọlọ́run. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi náà kò rí inú rẹ̀." Ó sì dá owó wa padà.

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi tí mo ti wàásù lọ́pọ̀ ìgbà nípa wòlíì Sámúẹ́lì ní ilé Jésè, bí ìrísí àkọ́bí ṣe fẹ́ tàn án jẹ, èmi náà ni mo dá obìnrin lẹ́bi nítorí ohun tí ojú ènìyàn kankan kò lè rí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejì, mo sì dá owó rẹ̀ padà fún un. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí ìdin ṣe ń dé inú èso tí kò ní ihò.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́: kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Ní ti mángòrò, eṣinṣin ni ó ń gbé e débẹ̀. Abo eṣinṣin náà ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ ní ìdí, òun ni ó fi ń gún èèpo èso tí ó ti ń gbó, tí ó sì fi ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí ó gún kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi í rí i. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹyin di ìdin, ìdin sì ń jẹ ara èso láti inú. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni Bactrocera dorsalis, tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Ọdún 2003 ni a kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè Kenya. Kò sì pẹ́ tí ó fi dé Nàìjíríà àti Benin. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ fún un ní orúkọ tuntun tí ó túmọ̀ sí agbógun-wọ̀lú. Ọdún 2015 ni wọ́n tó gbà pé ti Éṣíà náà gan-an ni.

Kí ni ó kan àwa ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko? Ó kàn wá púpọ̀. Kí mángòrò Benue tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́ tó dé orí àtẹ ní Ìyànà-Ìbà, ẹni tí ó rà á kò lè mọ iye tí ó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ìdin bá yọjú, alátẹ ni ó ń jẹ gbèsè. Lókè òkun ẹ̀wẹ̀, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nítorí irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ mángòrò India ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 sì ni òfin wọn ti le sí i lórí mángòrò gbogbo orílẹ̀-èdè tí eṣinṣin yìí ń yọ lẹ́nu.

Àìríran yìí náà ni ó ń ti ènìyàn sínú májèlé. Ẹni tí kò mọ èyí tí ó ní kòkòrò yóò fín oògùn sí gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 2015, Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí pé dichlorvos inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn náà ní ọjà gbangba. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò fún ìyá alátẹ ní ojú tí yóò fi rí inú èso.

Ojú náà ti wà láyé. Láti ọdún 1895 tí Röntgen ti rí X-ray ní Jámánì, a ti ń fi wo egungun inú ara láìfi ọ̀bẹ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni a lè fi wo èso: ibi tí kòkòrò ti jẹ yóò yàtọ̀ nínú àwòrán, títí kan kòkòrò tí ń fara pamọ́ sínú kóró mángòrò. Àwọn kámẹ́rà mìíràn ń lo ìtànṣán tí ojú wa kò lè rí. Níbi tí ìdin bá ti jẹ, omi àti ṣúgà ibẹ̀ yóò yí padà, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta padà láti ibẹ̀ yóò sì yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ya èyí tí ó sàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó bàjẹ́. Ṣáájú èyí, gígé ni àwọn aṣàyẹ̀wò ń gé díẹ̀ nínú èso láti fi mọ ìyókù. Èyí tí a bá sì ti gé, a kò lè tà á mọ́.

N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rọ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹyin tí eṣinṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ṣòro fún un láti rí. Nígbà mìíràn, yóò dá èso tí ó dára lẹ́bi, bí mo ti ṣe sí ìyá yẹn. Kò sì lè gba ipò ìmọ́tótó oko: kí àgbẹ̀ máa ṣa èso tí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó sì rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀. Bákan náà, ohun tí a bá fi hàn án nìkan ni ó mọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi mángòrò ilẹ̀ òkèèrè kọ́ lè ṣi mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀. Ta ni yóò wá fi tiwa kọ́ ọ?

Àwọn kan yóò ní, "Owó dà? Iná mànàmáná dà?" Ìbéèrè gidi ni, ẹ̀rọ X-ray ńlá kì í sì í ṣe ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ lè dá rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Nuru, ètò orí fóònù tí àwọn onímọ̀ IITA àti Yunifásítì Penn State jọ ṣe. Àgbẹ̀ yóò na fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, fóònù yóò sì sọ àrùn tí ó ń ṣe é, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ewé tí ènìyàn fi sùúrù yà ni ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Iṣẹ́ sùúrù bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ tún wo ibi tí Ọlọ́run gbé wa kalẹ̀ sí. Ọjà Àlàbá wà nítòsí wa, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń tú ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń tún un tò. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní Ọ̀jọ́ níbí. Àtẹ èso wà ní Ìyànà-Ìbà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàárín ìrìn kúkúrú sí ara wọn. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò so wọ́n pọ̀. Mo gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ wa lè ṣe é.

Nítorí náà, bí a ti ń dáwó àjọ̀dún yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí sórí ẹnu ọ̀nà tuntun àti ọ̀dà ara ògiri. Ẹ jẹ́ kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún yàrá sáyẹ́ǹsì: kámẹ́rà tí ó dára, kọ̀ǹpútà kan, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, àti owó èso. Kí àwọn ọmọ máa ya àwòrán mángòrò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ sílẹ̀ láìfi irọ́ kún un. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó ní ìwé àkọsílẹ̀ tí yunifásítì lè fi ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ náà yóò sì ti kọ́ ohun tí ó pẹ́ kí n tó kọ́, pé kí ènìyàn wádìí inú ọ̀ràn kó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Apẹ̀rẹ̀ mángòrò àkọ́kọ́ di ọwọ́ mi. Mo mọ ìyá tí n óò ti rà á.