Ẹrù Amúkùn-ún Wọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Amúnáwá, Omi Inú Ọ̀rá àti Ariwo Gbohùngbohùn

Bí wọ́n bá ní kí àwọn ará àdúgbò kan ní ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá dárúkọ ohun tí ọmọ aráyé ṣe tí ì bá sàn kí wọ́n má ṣe é rárá, ohun mẹ́ta ni yóò ṣáájú lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Èkíní ni ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Èkejì ni ọ̀rá omi mímu tí ó dí gọ́tà pa, tí ó sì fọ́n ká ojú títì bí ìgbà tí wọ́n fi ṣe irúgbìn. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí kì í jẹ́ kí aláìsàn ó sùn, tí kì í sì í jẹ́ kí ọmọ tó ní ìdánwò lọ́la ó kàwé. Ẹni tí nǹkan wọ̀nyí bá sú á máa gbé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe wọ́n ṣépè.

Ìbínú náà tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pe Amúkùn-ún, wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́. Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Nínú ohun mẹ́ta tí a kà sílẹ̀ yìí, méjì wà níbẹ̀ nítorí pé ẹnì kan tí iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ náà jù sílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀bi rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó ń lò ó. Ìlú tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa fi pàṣán tó yẹ ọ̀lẹ na ẹni tí ebi ń pa.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tó ṣe nǹkan wọ̀nyí láre, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò gbèrò ibi. Ẹ wo àpò ọ̀rá tí wọ́n fi ń kó ọjà. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilẹ̀ Sweden, Sten Gustaf Thulin, ni ó ṣe irú rẹ̀ tó gba gbogbo ayé kan, ilé-iṣẹ́ Celloplast sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965. Ọmọ rẹ̀ ti ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé èrò bàbá òun ni pé kí àpò náà dín igi gígé kù, nítorí igi ni wọ́n fi ń ṣe àpò oníbébà, àti pé kí ènìyàn máa ká ọ̀kan náà sápò láti lò ó léraléra. Ohun tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo igbó ni ó wá di ìdọ̀tí inú odò. Kì í ṣe inú ẹni tó ṣe é ni ibi náà ti wá. Inú bí wọ́n ṣe ń lò ó ni.

Ní ti ẹ̀rọ amúnáwá, kò sí èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tó èyí kékeré tí wọ́n sọ ní "I better pass my neighbour", ìyẹn ni pé, mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé e, okùn ni wọ́n fi ń fà á kí ó tó ta. Wọ́n ní láti po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀, èyí sì wà lára ohun tó fà á tí èéfín rẹ̀ fi ń ta ènìyàn lójú. Agbára rẹ̀ kò ju kí ó tan gílóòbù mélòó kan, kí ó yí fáànù kan, kí ó sì gbé tẹlifíṣàn lọ. Orúkọ rẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni: ní orílẹ̀-èdè tó ń wa epo rọ̀bì láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso, gílóòbù kan ti di ohun tí ènìyàn fi ń yangàn sí aládùúgbò.

Ewu rẹ̀ kọjá ariwo. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín ẹ̀rọ náà. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sì ń ta ọ̀fun. Bí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ tí ara nílò mọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, á máa rẹ̀ ẹ́, oorun á sì gbé e lọ. Ẹni tó bá ti sùn lọ kò ní mọ̀ pé òun ń kú. Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ ìròyìn ìdílé tó sùn tí kò jí, nítorí pé wọ́n gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná kí olè má baà gbé e. Ẹ fi ọkàn sí èyí: ìbẹ̀rù olè ni ó mú ikú wọlé.

Pẹ̀lú gbogbo ewu yìí, kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ti pariwo pé kí ìjọba fòfin dè é. Ìjọba sì ti dán an wò. Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó irú ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, sẹ́nétọ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Niger, Bima Enagi, gbé àbá òfin lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pé kí wọ́n ka ẹ̀rọ amúnáwá léèwọ̀ pátápátá, àfi fún àwọn bí ilé ìwòsàn àti pápákọ̀ òfurufú, kí ẹni tó bá sì ń tà á lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Àbá náà kò di òfin. Ti ọdún 2015 ńkọ́? Ẹ̀rọ náà ṣì ń bẹ lọ́jà, ó ṣì ń bú lẹ́yìn fèrèsé.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí a kò rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Aránṣọ tí aṣọ ìgbéyàwó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tí iná lọ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, kò lè sọ fún ìyàwó pé kí ó sún ọjọ́ síwájú. Agẹrun kò lè fá apá kan orí oníbàárà kí ó ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹja ẹlẹ́ja yìnyín kò ní dúró kí iná dé kí ó tó jẹrà. Òfin tó bá gba òòbẹ̀ lọ́wọ́ wọn láìfún wọn ní àdán, òfin tí wọn yóò rú ni, kì í ṣe nítorí pé wọ́n ya aláìgbọràn, bí kò ṣe nítorí pé ọmọ wọn ní láti jẹun.

Ìtàn àdán náà gùn. Ní ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Ní ọdún 2005 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN. Ní ọdún 2013 wọ́n tú u ká, wọ́n sì gbé pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni mọ́kànlá lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n pè ní Band A sókè sí ₦225 fún ìwọ̀n kan, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò máa rí iná fún wákàtí ogún lójúmọ́. Ní ọdún 2024 yìí kan náà ni ọ̀pá iná gbogbogbòò dojú bolẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣókùnkùn. Orúkọ ń yí padà, owó ń gòkè, àwọn ará ilé sì ń fa okùn ẹ̀rọ.

Àwọn kan lè sọ pé àfi kí wọ́n gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, títí kan àwọn aláṣẹ, kí ojú tó ti ìjọba láti ṣe iná. Èrò náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fòfin de nǹkan, ẹ̀rọ ńlá tó wà nílé olówó kì í sí lára rẹ̀. Ti mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà. Ohun tí ó ti ń mú ẹ̀rọ náà dákẹ́ ní àwọn àdúgbò kan kì í ṣe òfin rárá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó epo sì fò sókè, ọ̀pọ̀ ẹni tí agbára rẹ̀ ká a ti gbé páńẹ́lì oòrùn sórí òrùlé. Kò sí ọlọ́pàá tó lé wọn. Wọ́n rí ohun tó sàn, wọ́n sì ju èyí tí kò sàn sílẹ̀.

Omi inú ọ̀rá kò yàtọ̀. Kí ó tó dé, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ọwọ́ so ni wọ́n ti ń ta omi tútù ní ibùdókọ̀, tàbí nínú ife kan tí ogún ènìyàn ń mu. Kò sẹ́ni tó mọ orísun omi náà. Nígbà tí omi inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa dé ní nǹkan bí ọdún 1990 sí òkè, tí àjọ NAFDAC sì ń béèrè pé kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wà lára rẹ̀, ìlọsíwájú ni fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí ènìyàn fi ń ra omi mímu lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn, ìlú tí wọ́n ti ṣe ìdídò Ẹlẹ́yẹlé fún láti ọdún 1942, tí wọ́n sì tún ṣe ti Aṣéjìrẹ́ fún lẹ́yìn náà? Àwọn àgbàlagbà ṣì rántí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ omi lójúde tí omi sì ń dà. Omi náà kọ́kọ́ lọ kí ọ̀rá tó dé.

Nítorí náà ni òfin lórí ike àti ọ̀rá fi ń ṣiṣẹ́ níbì kan tí kì í ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Orílẹ̀-èdè Rwanda fòfin de àpò ọ̀rá ní ọdún 2008, ó sì múlẹ̀, nítorí ẹni tí kò ní ọ̀rá lè gbé agbọ̀n tàbí àpò aláṣọ lọ sọ́jà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Òfin yẹn mọ́gbọ́n wá, torí pé abọ́ wà, ewé sì wà. Ewé ni àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ kí ike tó dáyé. Ṣùgbọ́n kò sí ewé tí wọ́n lè fi pọ́n omi fún ọlọ́kadà tí oòrùn ń pa ní ọ̀sán gangan. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ tó ṣeé mu kọ́kọ́ padà wá.

Ti gbohùngbohùn ni ó wá yàtọ̀ pátápátá. Ọdún 1915 ni Peter Jensen àti Edwin Pridham fi tiwọn han gbogbo ènìyàn ní California, kí ohùn ẹnì kan lè dé etí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí àìní tí ó sọ ọ́ di dandan kí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí òde, sí ojú fèrèsé aládùúgbò, nígbà tí àwọn ogójì tó wá jọ́sìn wà nínú ilé. Kò sí ebi tó ní kí olórin òde àríyá máa lu ìlù títí di agogo mẹ́rin ìdájí. Kò sí ohun tó ní kí ẹni tó ń ta oògùn eku gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tú u sójú ọjà láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ pa á, kò sí ẹni tí yóò pa ebi sùn, kò sí ẹni tí yóò mu omi ẹlẹ́gbin. Ohun kan ṣoṣo tí yóò dín kù ni ìyà àwọn tó yí i ká.

Ibi tí òfin ti yẹ kí ó múná nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ó ti máa ń rọ̀. Àjọ LASEPA ní Èkó ti ti ilé ìjọsìn àti ilé fàájì pa nítorí ariwo, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń bẹ̀rù láti fẹjọ́ sùn, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ọ̀tá Ọlọ́run. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọlúàbí kì í fi ìdùnnú ara rẹ̀ ni ẹlòmíràn lára, adúrà kò sì nílò ariwo kí ó tó gòkè.

Iṣẹ́ wà fún olúkúlùkù. Onílé tí kò rí ọ̀nà mìíràn, kí ó gbé ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ó fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́ òpó lóde nítorí olè, kí ó sì pa á kí ó tó sùn. Ní ti àwọn gómìnà, àwáwí ti tán: òfin iná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣètò iná tirẹ̀, Èkìtì àti Oǹdó sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àbójútó náà lé lọ́wọ́ ní ọdún 2024. Ẹni tó bá ń wá ìbò ní ilẹ̀ yìí, ẹ bi í ní wákàtí mélòó ni iná yóò fi wà, ẹ sì bi í ní ọjọ́ wo ni omi yóò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ọjọ́ tí iná bá dúró tí omi sì yọ, kò sí ẹni tí yóò ní láti fòfin de ẹ̀rọ amúnáwá tàbí omi inú ọ̀rá. Ìyá tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo lálaalẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ fún onírin-àlòkù. Títí di ọjọ́ náà, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú má wo òkè ẹrù nìkan.