Tíkẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀lù Kì Í Ṣe Físà

Bí ajẹ́ǹtì bá sọ fún yín pé tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù ti tó láti fi wọ ìlú òyìnbó, ẹ ní kó rántí Moscow lọ́dún 2018. Lóòótọ́, Rọ́ṣíà ṣe káàdì kan tí wọ́n ń pè ní FAN ID fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún náà. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó sì gba káàdì yìí, á wọlé láìgba físà. Àmọ́ káàdì òǹwòran ni. Kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn gbájúẹ̀ wá ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa ni pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, pé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ń wá ọmọ tuntun. Àwọn ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ aṣẹ́wó ni wọ́n bá lọ́hùn-ún. Nígbà tí ìdíje parí, iwájú ẹ́ḿbásì Nàìjíríà ni àwọn tí kò rówó padà ń sùn, títí Ààrẹ Buhari fi pàṣẹ pé kí wọ́n kó wọn wálé.

Ti ọdún 2026 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò ló jọ gbàlejò, oníkálukú ló sì ń ṣọ́ ẹnubodè tirẹ̀. FIFA PASS, ètò Amẹ́ríkà fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, kò ju kí ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà tètè yọjú lọ. Òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ṣì lè ní rárá. Láti ọjọ́ kìíní ọdún náà, Amẹ́ríkà ti dá físà àbẹ̀wò dúró fún àwọn tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Òfin yọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò yọ òǹwòran. Ibi téèyàn ń gbé kọ́ ni wọ́n sì ń wò o: ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ní Peckham, nílùú London, lè fi ESTA, ìyẹn àṣẹ ìwọlé tí kì í ṣe físà, wọlé, kí ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, tó ṣì ń lo ti Nàìjíríà, máa wo bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ti òtẹ́ẹ̀lì, ojú ìwé ẹ́ḿbásì fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ kà. Wọn kì í dá owó físà padà fún ẹni tí wọn ò fún. Ẹ má sì jẹ́ kí ajẹ́ǹtì bá yín kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù, torí Amẹ́ríkà lè torí irọ́ kan ṣoṣo ti ilẹ̀kùn mọ́ni títí ayé. Ọwọ́ epo làwọn ajẹ́ǹtì ń bá ni lá. Bó bá di ti ẹ̀jẹ̀, fóònù wọn kì í lọ mọ́.